Kíka Koríko láti Ojú Òfuurufú

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu nínú yín pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró síwájú yín lónìí láti sọ̀rọ̀ nípa koríko, màlúù àti sátẹ́láìtì. Ọ̀rọ̀ náà ya èmi pàápàá lẹ́nu nígbà tí ó kọ́kọ́ délẹ̀. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn fẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran sọ̀rọ̀ ní Òkè-Ògùn nípa ọ̀nà tí a fi lè mọ bí oúnjẹ ẹran ti pọ̀ tó lórí ilẹ̀, láìjẹ́ pé a fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà tán. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọjọ́ kejì kò tíì pé tí mo fi rí i pé n kò lè túmọ̀ ohun tí kò yé mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ là yé yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ohun tí a ń ṣe sí ìwé àti ohun tí a ń ṣe sí owó: a ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti kọ ọ́ pé sátẹ́láìtì ń ṣírò koríko, mo kọ ọ́ pé ó ń ka koríko, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo ti ń tẹ̀ síwájú ni ó ń yé mi pé iṣẹ́ méjèèjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iye láìka ohun tí a kọ yóò ṣìnà. A ó fojú rí èyí kí a tó parí.

Ìdí tí a fi ní láti mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ferlo, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Ibẹ̀ wà lára ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà sì hàn gbangba níbẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Fúlàní tí ń da màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni Ferlo. Ó tóbi ju ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa lọ. Òjò ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Koríko tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe irú eèsún tí ń ti gbòǹgbò rúwé lọ́dọọdún. Irúgbìn ni ó ti ń hù ní gbogbo ọdún; òjò rọ̀, ó hù, ó so, ó kú. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá fi parí, kò sí ewé tútù kan tí ó tún ń yọ nílẹ̀ mọ́ àfi lára igi. Ohun tí ó bá hù nínú oṣù mẹ́ta yẹn ni ẹran yóò máa jẹ ní gbígbẹ fún oṣù mẹ́sàn-án tí ó kù.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Pápá náà dà bí àká àgbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, àká ti kún dé ibi tí yóò kún dé. Láti ọjọ́ náà lọ, yíyọ nìkan ni ó kù. Bí ẹnì kan bá lè wọn ohun tí ó wà nínú àká ní oṣù Kẹsàn-án, ó ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru bá mú tí ẹran bá rù. Kò sí iṣẹ́ babaláwo nínú rẹ̀, ìṣirò ni.

Ìṣirò náà kò sì le. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì mú ẹran kan tí ó wúwo tó 250 kg gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, wọ́n sì gbà pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń jẹ koríko gbígbẹ 6.25 kg lóòjọ́. Fún ọjọ́ 270, èyí jẹ́ nǹkan bí 1,690 kg. Ká ní hẹ́kítà ilẹ̀ kan mú koríko gbígbẹ 1,000 kg jáde. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹran yóò jẹ: pátákò yóò tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, ikán yóò jẹ tirẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gbá òmíràn lọ. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà sí oúnjẹ, ìyẹn nǹkan bí 333 kg. Nítorí náà, ẹran kan nílò hẹ́kítà márùn-ún kí ó tó lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Bí òjò bá kùnà tí hẹ́kítà kan kò bá mú ju 400 kg jáde, ẹran kan náà yóò nílò nǹkan bí hẹ́kítà mẹ́tàlá. Ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Ẹran ni yóò ṣí lọ tàbí kí ó kú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 tí ó sì le jù ní ọdún 1972 àti 1973 nìyẹn, ohun kan náà ni ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1983 àti 1984. Ẹran kú lọ rẹpẹtẹ káàkiri Sàhẹ́lì, àwọn tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n dà sọ̀kalẹ̀ sí ìhà gúúsù. A kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni. Koríko tí kò hù ní ìhà àríwá ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ẹran tí ó ń parí sí oko ẹ̀gẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Dòjé àti òṣùwọ̀n

Bí a bá fẹ́ mọ iye koríko tí ó wà lórí ilẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà tí kì í parọ́. A ó fi irin tàbí igi ṣe onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. A ó gbé e kalẹ̀ láìṣojúsàájú, a ó fi dòjé gé gbogbo koríko tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó kó o sínú àpò, a ó wọ̀n ọ́n. A ó sá a tàbí kí a fi iná rọra gbẹ ẹ́ títí kò fi ní omi mọ́, a ó sì tún un wọ̀n. Ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni a ń wá, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú koríko tútù, omi kì í sì í bọ́ màlúù. Bí ó bá jẹ́ 100 gíráàmù, hẹ́kítà kan yóò jẹ́ 1,000 kg.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọjọ́ mẹ́rin péré, ẹ̀yìn mi kò sì tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbé ẹ̀yìn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀nba ibi ni ènìyàn lè gé. Lẹ́bàá odò, koríko dé orúnkún. Ní ìwọ̀n ìbọn kan síbẹ̀, ilẹ̀ ṣófo. Ta ni yóò gé Ferlo tán? Nígbà tí wọn yóò bá fi gé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ẹran ti jẹ ìyókù.

Dúdú, pupa, àti èyí tí ojú kò rí

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù lọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, olùkọ́ mi kan máa ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Ó ní Yorùbá kò dá àwọ̀ ewé mọ̀, pé wọ́n a máa pe igbó ní dúdú. Lóòótọ́ ni a ń pè é bẹ́ẹ̀. Igbó tí ewé rẹ̀ kún dáadáa, a ní ó dúdú. Ewé tí ó ń kú lọ, a ní ó ti pọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé àìtó èdè ni. Ìgbà tí mo wá ń ka ìwé ọ̀rẹ́ mi ni mo rí i pé bí a bá ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, tí a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan wọ inú ẹ̀rọ, ibi tí ewé bá ti kún yóò dúdú bí aró. Ilẹ̀ gbígbẹ àti koríko gbígbẹ yóò sì mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewé fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀, apá pupa ìmọ́lẹ̀ náà sì wà lára èyí tí ó ń gbà sínú jù. Ó gbé e mì ni, kì í dá a padà. N kò sọ pé àwọn baba wa mọ èyí o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ wọn kò lòdì sí ohun tí ẹ̀rọ rí.

Ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí ó tẹ̀ lé pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Èmi yóò máa pè é ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa. Èyí kò wúlò fún ewé láti fi se oúnjẹ, nítorí náà ewé kì í gbà á sínú. Bí ìmọ́lẹ̀ yìí bá wọ inú ewé tí ara rẹ̀ dá, yóò máa ta káàkiri nínú àwọn iyàrá wínníwínní tí ó wà nínú ewé náà, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì padà jáde. Ká ní ojú wa lè rí i ni, pápá tútù ìbá máa kọ mọ̀nà níwájú wa.

Ohun méjì ni a wá ní yìí tí ń lọ sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn: bí ewé ti ń pọ̀ sí i ni pupa tí ń padà sókè ń dín kù, tí ẹ̀yìn-pupa sì ń pọ̀ sí i. Orí èyí ni wọ́n kọ́ ìṣirò náà lé. A ó yọ pupa kúrò nínú ẹ̀yìn-pupa. A ó ro méjèèjì pọ̀. A ó fi àpapọ̀ náà pín ohun tí yíyọ fún wa. Ká ní koríko tútù kan dá 5 padà nínú ìmọ́lẹ̀ pupa 100, tí ó sì dá 45 padà nínú ẹ̀yìn-pupa 100. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 40, àpapọ̀ wọn jẹ́ 50, èsì jẹ́ 0.8. Ká ní ilẹ̀ ṣíṣófo kan dá 25 padà nínú pupa, tí ó dá 30 padà nínú èkejì. Ìyàtọ̀ jẹ́ 5, àpapọ̀ jẹ́ 55, èsì kò pé 0.1. Orúkọ èsì yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gùn, NDVI ni wọ́n ń ké e kúrú sí. Òǹkà ewé ni mo pè é nínú ìtumọ̀ mi, mo sì dúpẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ gbà á láìbi mí léèrè. Ìdí tí wọ́n fi ń pín in ni pé òjìji àwọsánmà àti ìgbà tí oòrùn kò ga máa ń dín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì kù pọ̀. Bí a bá pín in, púpọ̀ nínú àléébù yìí yóò pa ara rẹ̀ rẹ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì tí a wá mọ̀ sí Landsat 1 ránṣẹ́ sókè. Ó ń ya àwòrán pupa àti ẹ̀yìn-pupa, ojú àwòrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 80 mítà. Ọ̀gbẹ́ni John Rouse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M ni wọ́n lò ó lórí pápá ìjẹko gbígbòòrò àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, iṣẹ́ wọn ní ọdún 1973 ni ó sì gbé ìṣirò tí mo ṣàlàyé yìí jáde. Koríko ìjẹ ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó yá ni àwọn elágbàdo àti oníjẹrò wá yá a lò.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 18 ni Landsat ìgbà náà fi ń padà sí ojú kan. Bí àwọsánmà bá bo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ 18 mìíràn. Ní ilẹ̀ tí koríko ti ń hù tí ó sì ń kú láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi èyí ṣe. Ẹni tí ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni Compton Tucker, ní ibùdó Goddard ti àjọ NASA. Ó yíjú sí àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tí a ń pè ní NOAA, tí wọ́n fi ń wo ìkùukùu. Ojú tiwọn kò mú: ojú àwòrán kan gba ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá. Bí a bá kó àwòrán ọjọ́ mẹ́wàá jọ, tí a sì mú òǹkà tí ó ga jù fún ojú kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí a rí ọjọ́ kan tí kò sí àwọsánmà níbẹ̀. Láti ọdún 1980 sí 1984 ni òun àti àwọn kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà fi ọ̀nà yìí wo Ferlo, àwọn agékoríko sì ń fi dòjé ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ní ọdún 1985 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ọdún 1984, tí ó jẹ́ ọdún ìyà, wà nínú rẹ̀. Lórí àwòrán ọdún náà, ibi tí ó yẹ kí koríko wà pọ́n lọ bẹẹrẹbẹ. Ní ọdún 1986 ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Dakar, Centre de Suivi Écologique, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá a lọ lọ́dọọdún.

Ohun kan wà tí ó kọ́kọ́ dà mí rú, ó sì lè da ẹ̀yin náà rú. Bí koríko bá gbẹ, òǹkà ewé yóò já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ṣì dúró nílẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwòrán oṣù Kejìlá yóò sọ pé Ferlo ti ṣófo, nígbà tí ẹran ń jẹ koríko gbígbẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà wọn kì í lo àwòrán ọjọ́ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Monteith, ará ilẹ̀ Brítéènì, ti fi hàn láti ọdún 1972 pé bí ìmọ́lẹ̀ tí ewé gbà sínú bá ti pọ̀ tó ni ohun gbígbẹ tí irúgbìn ń kó jọ ṣe ń pọ̀ tó. Bí a bá wá ro òǹkà ewé pọ̀ láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí koríko kú, a ti ro gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Ẹ rántí àká àgbẹ̀: kò sí ẹni tí ń fi iṣẹ́ ọjọ́ tí a parí ìkórè mọ bí àká ṣe kún tó.

Síbẹ̀, àpapọ̀ òǹkà kì í ṣe kílógíráàmù. Dòjé ni yóò sọ ọ́ di kílógíráàmù. Wọn yóò mú àwọn ibi tí a ti gé koríko, wọn yóò fi ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpapọ̀ òǹkà ibẹ̀, wọn yóò sì fa ìlà tí ó bá gbogbo wọn mu jù. Ìlà yìí ni wọn yóò fi túmọ̀ òǹkà níbi tí dòjé kò dé. Ó sì ní láti jẹ́ ọdọọdún, nítorí pé koríko ọdún yìí lè má jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti èṣí. Ẹni tí ó bá gbé ìlà Ferlo wá sí Òkè-Ògùn dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìwé atúmọ̀-èdè Wolof ka Yorùbá.

Ohun tí ojú òkè kò rí

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan. Ilé-iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, ya àwòrán ilẹ̀ láti fi yan ibi tí a lè fi ọgbà yí ká fún ìjẹko ẹran. Ọ̀rẹ́ mi gba àwòrán náà, a sì lọ síbẹ̀. Lórí àwòrán, ibì kan wà lẹ́bàá odò tí òǹkà rẹ̀ ga ju gbogbo àyíká lọ, wọ́n sì ti fi ìlà yí i ká pé ibẹ̀ ni ó dára jù. Bàbá Fúlàní kan tí wọ́n bí sí agbègbè náà, tí ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, ni ó mú wa débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán hàn án, ó ní, “Bàbá, ibí yìí ni wọ́n ní oúnjẹ pọ̀ sí jù.” Bàbá náà wo àwòrán, ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin olùkọ́, ewé wà níbí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù mi yóò kọjá nínú rẹ̀, wọn kò ní ya ẹnu.”

Ewé Akíntọ́lá ni ó bo ibẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: ewé tí ń hù ní ẹ̀bá ọ̀nà tí a máa ń fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kì í ṣe ti ibí. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Bí ó bá wù yín, ẹ bi onílé léèrè orúkọ rẹ̀, ẹ ó mọ ẹ̀yìn ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní ọdún 1962. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́, èyí tí ó bá sì jẹ ẹ̀hù rẹ̀ jù lè ṣàìsàn. Ó ń pa èruwà, ó ń fún eèsún lọ́rùn. Lójú sátẹ́láìtì, ewé rẹ̀ ń gba pupa sínú, ó ń dá ẹ̀yìn-pupa padà, bí ewé gidi mìíràn gbogbo. Òǹkà rẹ̀ dára púpọ̀.

A gé onígun mẹ́rin bíi mélòó kan níbẹ̀. A ṣa ohun tí màlúù ń jẹ sọ́tọ̀, a ṣa Akíntọ́lá sọ́tọ̀. Òkìtì Akíntọ́lá ga ju èkejì lọ níbi gbogbo tí a gé. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ó fi ìwọ̀n òkìtì méjèèjì sínú rẹ̀. Títí di òní tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀, a kò tíì rí èsì. Bí wọ́n bá fi ọgbà yí ibẹ̀ ká, tí wọ́n sì kó màlúù sínú rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú kílógíráàmù tí ó wà lórí àwòrán, ebi yóò pa wọ́n láàárín oṣù díẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àwọn ará abúlé sì wà ní ìdàkejì odò náà gan-an. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e, ẹ sì mọ̀ pé a kò ní sọ pé àwòrán ni ó fà á.

Èyí kì í ṣe àléébù kan ṣoṣo. Igi ni èkejì. Ferlo kò ní igi púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ewé ẹmi, igbá àti ayùnrẹ́ máa ń bo koríko mọ́lẹ̀, sátẹ́láìtì yóò sì ka ewé igi mọ́ ti ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé òǹkà máa ń kún. Bí ewé bá ti bo ilẹ̀ pátápátá, òǹkà yóò dúró sí nǹkan bí 0.8 tàbí 0.9, bí eèsún tilẹ̀ ń ga sí i láti orúnkún dé orí. Ẹ̀kẹrin ni àwọsánmà, tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní àkókò òjò gan-an tí koríko ń hù. Ráda lè rí ilẹ̀ gba inú àwọsánmà kọjá, sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ráda fi ń wo nǹkan. N kò ní wọ ibẹ̀ lónìí.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ adùn. Ní ọdún 1982 ni ìwé ńlá kan jáde láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Málì, Penning de Vries àti Djitèye sì ni olóòtú rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé bí a ti ń lọ sí ìhà gúúsù tí òjò ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni koríko ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara ẹran dàgbà nínú rẹ̀ ń dín kù. Koríko àríwá kéré ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ti gúúsù pọ̀ ṣùgbọ́n igi àti ìyàngbò ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí darandaran fi ń padà sí àríwá bí òjò bá ti dé. Ẹni tí ó bá wo kílógíráàmù nìkan yóò rò pé wèrè ni ó ń fi koríko púpọ̀ sílẹ̀ lọ sí ibi tí ó kéré. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń ka gígùn ewì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Ẹ̀rọ ti dára sí i. Láti ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà ti jẹ́ kí àwòrán Landsat di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Láti ọdún 2015 ni Sentinel-2 ti wà lókè, ojú àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà 10, àwọn méjì tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sì ń dé ojú kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún. Orílẹ̀-èdè tiwa náà fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Ojú àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà 32, ó sì ní pupa àti ẹ̀yìn-pupa méjèèjì, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí a fi lè ka koríko ni ó wà lára rẹ̀. Ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, NigeriaSat-2 sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011.

Ní ìhà àríwá Kẹ́nyà, ní Marsabit, wọ́n ti fi òǹkà ewé ṣe ìdójútòfò ẹran láti ọdún 2010. Darandaran yóò san owó díẹ̀. Bí òǹkà agbègbè rẹ̀ bá wálẹ̀ ju bí ó ti máa ń rí lọ́dún pípẹ́ lọ, wọn yóò san owó fún un láìka òkú ẹran rẹ̀ kan. Ní ọdún 1984 kò sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀. Wọ́n san owó ní ọdún 2011 nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹran ẹnì kan lè kú ní igun ibi tí òjò kò dé nígbà tí òǹkà gbogbo agbègbè ṣì dára, kò sì ní rí kọ́bọ̀ gbà. Àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́.

Lọ́dọ̀ wa, òfin ni a fi bẹ̀rẹ̀. Èkìtì ṣe òfin lórí ìjẹko ẹran ní ọdún 2016. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fi ẹnu kò láti fi òfin de dída ẹran káàkiri. N kò wá síbí láti dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí ẹran dúró sí ojú kan ti gbà láti mọ iye tí ojú kan náà lè bọ́, n kò sì tíì rí ìpàdé kan tí a ti gbé iye yẹn kalẹ̀, yálà ti dòjé tàbí ti òkè.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ka ìtumọ̀ tí mo ṣe fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ní Òkè-Ògùn, wọ́n jókòó sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ìbéèrè pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ẹnu ìyá kan tí ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹ ní ní oṣù Kẹsàn-án ni ẹ ti lè mọ̀ bí koríko òkè lọ́hùn-ún kò bá tó. Ta ni yóò wá sọ fún wa?” Bàbá Fúlàní náà mi orí láti ìhà kejì, ó ní òun náà fẹ́ bi ìbéèrè yẹn. Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun yóò wádìí. Láti ìgbà náà, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wo òǹkà ìhà àríwá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó sì ń tẹ àwọn méjèèjì láago.